Ẹ fọ iyọ̀ inú ṣaṣí kí ẹ tó fi ọ̀dà bò ó

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù Ìlọrin, Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo ti máa rí i, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ohun kan ti dàṣà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù á dé, wọ́n á wọ́n ọ̀dà dúdú sí i lábẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, á máa dán bíi bàtà ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á wá ní, "Ọ̀gá, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, kò dípáàrà rárá." Ọ̀dà yẹn gan-an la bá wá.

Ọ̀pọ̀ Toyota Tacoma, Toyota Tundra àti Ford F-150 tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ti lo ọdún púpọ̀ lórí títì oníyọ̀. Ní Michigan, Ohio, New York, Pennsylvania, Ontario àti Quebec, bí yìnyín bá ti ń bọ̀, wọ́n á da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà dì, kí táyà má baà yọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni sodium chloride, iyọ̀ tí à ń fi sọ́bẹ̀ náà ni, àfi pé wọn ò fọ̀ ọ́ mọ́ bíi tiwa. Bí òtútù bá wá le kọjá ohun tí agbára iyọ̀ yẹn ká, wọ́n á lo calcium chloride tàbí magnesium chloride. Àwọn méjì yìí lẹ̀rù wọn bà wá jù, torí wọn kì í fẹ́ gbẹ.

Ẹ wo iyọ̀ inú ike nílé ìdáná lásìkò òjò. Ẹnikẹ́ni ò bu omi sí i, síbẹ̀ á ṣomi, á dì mọ́ra. Inú afẹ́fẹ́ ló ti fa omi yẹn. Iyọ̀ ọbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100. Ní ti magnesium chloride, nǹkan bí ìdá 33 ti tó o. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, iyọ̀ inú ṣaṣí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, lè sùn díẹ̀. Láti oṣù kẹrin tí òjò bá ti ń rọ̀ títí dé oṣù kẹwàá, irin ò ní gbẹ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ooru wa tún ń kún un. Ìpáàrà kì í yára nínú òtútù, ooru ló ń mú un sáré. Iyọ̀ tó ń ṣa irin jẹ díẹ̀díẹ̀ ní Toronto á wá máa jẹ àjẹyó ní Gáà-Àkànbí, Ìlọrin níbí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé "kò sáà sí yìnyín níbí" kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ti tó láti bí ìpáàrà. Iṣẹ́ iyọ̀ ni pé ó ń sọ omi yẹn di bí omi bátìrì, tí iná kékeré á máa gba inú rẹ̀ kọjá láti ojú kan sí òmíràn lára irin kan náà, á sì máa fọ́ awọ tín-ín-rín tó yẹ kó bo irin. Ìpáàrà tó bá jáde á wá wú ju irin tó jẹ lọ. Ẹ ti rí ibi tí irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ti ń ṣí sílẹ̀ bí ojú ìwé tí omi bà jẹ́. Wíwú yẹn ló tì wọ́n yà. Bí wọ́n bá wá fi ọ̀dà dúdú bo irú ojú bẹ́ẹ̀, iyọ̀ àti omi ti há sínú nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dà á fi lé ròrò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ròrò náà, á wọlé, omi pupa á sun jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ kó mú òòlù kékeré, sukurudíráfà, tọ́ọ̀ṣì àti àpò tí yóò sùn lé dání. Kí ó má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí ó máa fi òòlù kan ṣaṣí láàárín gbogbo ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Irin tó le máa dún "kán-ín," òòlù á sì ta padà sókè. Irin tó ti jẹra á dún "bù," òòlù á sì jókòó síbẹ̀. Ibi tó bá ti dún bù, kí ó fi sukurudíráfà gún un, kì báà ṣe ọ̀dà tuntun ló wà lórí rẹ̀. Ojú ibi tó yẹ kó pẹ́ sí ni òkè áásù ẹ̀yìn, ìdí ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so kọ́, ẹ̀yìn táyà iwájú, ibi tí wọ́n ti jó irin ìdábùú mọ́ ṣaṣí, àti òkè ibi tí táyà ìpààrọ̀ ń gbé. Kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àwọn ihò ara ṣaṣí náà, torí inú ni iyọ̀ ń gbé, ọ̀dà òǹtajà kì í sì í débẹ̀. Kí ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì: bí nǹkan funfun bí ẹfun bá hù sára ọtánétọ̀ àti àwọn ibi alumíníọ́ọ̀mù mìíràn, oníyọ̀ ni ọkọ̀ yẹn, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ.

Nọ́ńbà ṣaṣí olójú 17 kò lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti rìn. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni ti Kánádà, 3 ni ti Mexico. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Texas lè lo gbogbo ayé rẹ̀ ní Michigan. Àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a lè fi nọ́ńbà yẹn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń tú àṣírí. Nígbà mìíràn, sítíkà àyẹ̀wò ọkọ̀ ti New York tàbí Pennsylvania ṣì máa ń wà lójú gíláàsì iwájú. Hilux ní tirẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bó bá ti Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ Tacoma gba kí a dúró lé e díẹ̀. Ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà nítorí ṣaṣí tó ń dípáàrà: Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, Sequoia 2005 sí 2008. Ó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọkọ̀ tó kàn. Ihò ìpáàrà tó bá tó mílímítà 10 ni wọ́n fi ń mọ ṣaṣí tó yẹ ní pípààrọ̀. Ṣaṣí Tacoma ìgbà yẹn jẹ́ àpótí dídé níwájú, ṣùgbọ́n ó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ ibi tí a ń kẹ́rù sí. Omi ń dúró sínú àpótí iwájú. Ẹrẹ̀ pupa ń jókòó sí ètè irin tó ṣí lẹ́yìn. Òòlù yín kò gbọdọ̀ fo ibi méjèèjì.

Ẹni tó ti rà á ńkọ́? Omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ fi igi ha gbogbo ẹrẹ̀ tó ti gbẹ sórí ètè ṣaṣí, torí bí aṣọ tútù ni ẹrẹ̀ ń ṣe. Ẹ ki rọ́bà omi bọ inú ihò ṣaṣí láti ibi tó ga jù, kí ó máa ṣàn gba ihò ìsàlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 ní apá kọ̀ọ̀kan, títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Omi púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe agbára omi. Ẹ̀rọ olómi líle lè ti omi wọ béárì àti orí wáyà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ tún un fọ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Iyọ̀ tó sá pamọ́ sábẹ́ èèpo ìpáàrà kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ẹ̀rọ fáìlì àwọn wẹ́dà ń wọlé. Ẹ wọ awò ojú, ẹ fi nǹkan bomú. Ẹ fọ èèpo ìpáàrà kúrò títí ẹ ó fi dé irin tó le. Èyí tó kù tín-ín-rín nínú ihò irin, ẹ fi oògùn ìpáàrà tó ní phosphoric acid pa á, yóò di dúdú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fún un ní wákàtí tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ẹ wá fi epoxy primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ irin, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀dà ṣaṣí tó tẹ̀ lé e. Bíi lítà 2 primer sábà máa ń tó píkọ́ọ̀pù kan. Ẹ má ṣe kun rọ́bà, sálẹ́ńsà, díìsì bíréèkì tàbí ihò tí omi ń gbà jáde. Ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí. Nínú ọyẹ́ gan-an, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, á rí bíi sáńpépà.

Inú ṣaṣí kò ṣeé kùn, òróró ló gbà. Òróró ìdènà ìpáàrà tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe, tàbí epo ìda ti inú ihò, lítà 3 sí 4, pẹ̀lú ọ̀pá ìfọ́n gígùn tó ń ta yí ká. Ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ́n epo ẹ́ńjìnnì tó ti lò sábẹ́ ọkọ̀ torí ọ̀fẹ́ ni. Ásíìdì wà nínú epo yẹn, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kán sílẹ̀ lẹ́bàá kànga àwọn ará ilé. Wọ́n tún máa ń sọ pé kí a fi òrí pa á. Òrí dára lára ọmọ. Lábẹ́ ọkọ̀, á kan, á di ásíìdì, èèrà á sì kó wá.

A ní iyọ̀ tiwa náà o. Ajílẹ̀ NPK sábà máa ń ní potassium chloride nínú, ẹ̀yà iyọ̀ ni. Ìtọ̀ àgbò iléyá, ìgbẹ́ adìyẹ àti omi ẹja dídì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá kó ajílẹ̀ lọ sóko, kí ó gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó tó fi omi fọ̀ ọ́; bó bá kọ́kọ́ da omi sí i, ó ti po iyọ̀ nìyẹn, á sì wọ gbogbo ojú àjópọ̀. Kí ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tú ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni omi ń dúró sí tí ilẹ̀kùn fi ń jẹ láti inú.

Tó bá di jíjó, kí wẹ́dà kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ó gbé táńkì epo jìnnà. Àwo irin tí yóò fi lé e kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju ṣaṣí lọ, kí ó gé etí rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀. Ojú jíjó tó bá dúró ṣánṣán lórí ṣaṣí, ibẹ̀ ló ń sán sí. Iná jíjó á ti jó ọ̀dà ẹ̀yìn irin náà, kí ó padà kùn ún tinú tòde. Bí ìdí sípíríǹgì bá ti jẹra, ẹ má jó o, ẹ má rà á.

Páìpù bíréèkì la fi parí. Ó sábà máa ń jẹ lábẹ́ kílíìpù tó dì í mú, níbi tí ojú kò tó. Ẹ tú kílíìpù kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá ti lé èèpo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú páìpù copper-nickel. Kọ́pà lásán kì í pẹ́ sán bó bá ń gbọ̀n. Ẹ má gbà kí wọ́n gé ibi tó jẹ nìkan kí wọ́n fi ìsopọ̀ tí a kàn fún mọ́ra so ó. Lọ́jọ́ tí páìpù yẹn bá bẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á kàn lọ sílẹ̀ ni, bíréèkì ò ní sí mọ́.

Ẹ̀yin tó ń ta ọkọ̀, ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìkùn. Ẹni tó fẹ́ rà á á mú òòlù wá.

Àwa ni,
Àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì kan,
Ìlọrin.