Ọ̀rẹ́ ni àwọn ọmọ ń yàn, kì í ṣe ẹni tí yóò ṣiṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde nípa iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ kan nílùú Àkúrẹ́ níbí ní kí kíláàsì ọmọbìnrin mi pín ara wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì ya bí a ṣe ń ṣe kòkó, láti orí igi títí dé inú àpò, sórí kádíbọ́ọ̀dù. Kíá ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ṣa ara wọn jọ. Ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi fi ṣe olórí, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. (Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ tó mọ èèyàn kí ni.) Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ọ̀la tí wọn yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí tábìlì ìjẹun wa ni kádíbọ́ọ̀dù náà wà ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ọmọ mi nìkan ń ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń bo kòkó, tí ó sì ń bi mí bóyá ọjọ́ márùn-ún ni a fi ń bò ó tàbí mẹ́fà. Mo ní àwọn yòókù dà? Ó ní bí òun bá fẹjọ́ wọn sun olùkọ́, wọn kò ní bá òun ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nínú ìwé tí Jacob Moreno, dókítà ọpọlọ kan tó ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń bá ara wọn ṣe, tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1934, ó fi ìlà ya bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ jókòó tì: ìlà pọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn kan, kò sì sí ẹyọ kan fún àwọn mìíràn. Helen Hall Jennings, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wá ya ẹgbẹ́ tí a fi ń ṣeré sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé bí ó bá di orí pápá, agbábọ́ọ̀lù wa kò jẹ́ fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣọ́lé bí kò bá lè mú bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rẹ́ àti ojúgbà náà ni àwọn bàbá wa tó ń ṣe àáró, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n oko oníkálukú ni yóò kàn; ẹni tó bá lọ jókòó sábẹ́ igi nínú oko ẹlòmíràn mọ̀ pé tòun ń bọ̀. Ní kíláàsì, kò sí oko tí yóò kàn, máàkì kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà.

Mi ò ní kí ẹ tú ọ̀rẹ́ ká o. Kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn máa pín àwọn ọmọ, kí ipò olórí máa yí kárí, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe apá kọ̀ọ̀kan sára iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́.