Lẹ́tà sí àǹtí mi lórí ọ̀rọ̀ Efúnṣetán

Àǹtí mi, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn,

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Iléṣà ni ọ̀rọ̀ tí a jọ jà lé lórí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ìkà paraku ni Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn ayé àtijọ́, pé kò sí àwíjàre kankan fún un. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ọkàn mi ò gbà á bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kó má jẹ̀bi o. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ẹrúbìnrin tó bá lóyún nílé rẹ̀, ikú ni. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn wà lọ́rùn Efúnṣetán, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Abiyamọ ni yín, Àǹtí. Ẹ mọ ohun tí irú òfò bẹ́ẹ̀ lè sọ èèyàn dà. Oyún ẹlòmíì wá di ohun tí kò lè fojú rí mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ló ń dùn mí jù. Nínú eré, òun ló wá gba àwọn ẹrú sílẹ̀, Efúnṣetán sì gbé májèlé jẹ, àwa òǹkàwé sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣé àwa Ìjẹ̀ṣà ló yẹ ká pàtẹ́wọ́ ọ̀hún? Ní 1870 ni ogun Ìbàdàn fọ́ Iléṣà, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Látòósà yìí náà ni Ògèdèǹgbé, olórí ogun àwa Ìjẹ̀ṣà, àti àwọn Èkìtì dojú kọ nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ẹnu ogun yẹn ló sì kú sí ní 1885. Ta ló ń lọ kó ẹrú wálé ní Ìbàdàn ayé ìgbà náà, bí kì í bá ṣe àwọn jagunjagun?

Òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìtàn hun, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ wo ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀ ní 1874: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Kò sí ẹ̀sùn pé ó ń pa ẹrú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa á lójú oorun, Kúmúyìlọ́ tó fi ṣọmọ sì lọ́wọ́ sí i.

Nítorí náà, mo gbà pé ó hùwà ìkà. Pé òun nìkan ni ìkà ìlú yẹn ni mi ò gbà. Bí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré yìí, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n á ti máa yin Ààrẹ, ẹ bi wọ́n léèrè ìlú tí àwọn ẹrú yẹn ti lè wá.

Èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.