Tú inú báàgì rẹ kí o tó dárúkọ ẹnikẹ́ni

Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Òní ló pé ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn, mo sì mọ iye rẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń kà á. Bí mo bá pè ọ́, fóònù á dún títí, á sì dákẹ́. Lálẹ́ àná ni Àǹtí Bùnmi pè wá láti Houston níbẹ̀ láti béèrè ìlera bàbá rẹ, àárín ọ̀rọ̀ náà ló sì ti bọ́ lẹ́nu wọn pé aago àyà tí nọ́ọ̀sì ń fi kọ́ aṣọ, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ti sọnù níbi tí o ti ń kọ́ṣẹ́, àti pé o ti ń sọ káàkiri pé o mọ ẹni tó mú un. Bí mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, orí àpótí ìdáná ni mo jókòó sí, n kò mọ ìgbà tí ọbẹ̀ fi jóná.

Ilé dáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ti wálẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wá iyọ̀ kiri lórí tábìlì bí ẹni tó sọ owó nù. Táíwò ti ṣe WAEC tán, ó ń sùn títí di ọ̀sán. Òjò ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, a ti kàn án padà. Èmi fúnra mi ni mo ń tẹ ìwé yìí sórí fóònù, ọjọ́ kejì rèé tí mo ti wà lórí rẹ̀. Táíwò ní kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá.

N kò bínú nítorí aago. Jọ̀wọ́, fi èyí sọ́kàn kí o tó ka ìyókù. Ohun tó gba oorun lójú mi ni pé o ní o mọ ẹni tó mú un. Ṣé ó ṣojú rẹ ni?

Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yìí, ìwọ fúnra rẹ lo ka ìwé òfin wọn sí mi létí. O ní ohun tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn béèrè jẹ́ wákàtí 75, ṣùgbọ́n 100 ni ti Texas, 60 nínú kíláàsì, 40 lẹ́bàá ibùsùn àwọn arúgbó. O ní wọn kò fẹ́ yẹtí gígùn, wọn kò fẹ́ èékánná tí a lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nítorí kòkòrò àìsàn tó ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé, bàtà sì gbọdọ̀ bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. O ní fóònù kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn rárá, nítorí òfin àṣírí tí wọ́n ṣe ní 1996, tó fi jẹ́ pé àwòrán arúgbó kan ṣoṣo tí ènìyàn bá yà lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ni wọ́n wá ṣẹ́kù sí yín lára? O ní péènì, ìwé kékeré, káàdì ìdánimọ̀, bẹ́líìtì tí ẹ fi ń gbé arúgbó dìde, àti aago tó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré, kí ẹ lè fi ka bí iṣan ọwọ́ aláìsàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lọ ṣí àpótí mi, tí mo mú aago tí mo lò ní wọ́ọ̀dù jáde, tí mo fi rán ìyàwó pásítọ̀ sí ọ. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè, kí n tó fi ránṣẹ́, irú aago tí mo ń gbé lé ọmọ mi láyà.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o tú aago láyà, kí o jù ú sínú báàgì, kí o gbé báàgì sórí àga ní yàrá tí gbogbo ayé ti ń jẹun, kí o wá máa lọ wẹ arúgbó? Àǹtí Bùnmi ní o kò ra àgádágodo sí lọ́kà tí wọ́n fún ọ, pé o ní ẹ kò pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí mo bí! Iye tí wọ́n ń ta àgádágodo kò lè tó iye tí o ń ná sórí irun. Ra á lọ́la. Fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú píìnì, má ṣe so ó mọ́ ọrùn, nítorí arúgbó tí ẹ̀rù bá bà nígbà tí o bá ń gbé e dìde lè fa okùn náà, kí ó fún ọ lọ́rùn. Owó oúnjẹ ọjọ́ kan ti tó gbé jáde. Páásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìgbélùú rẹ, ilé ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú báàgì, kì í sì í ṣe abẹ́ àga mọ́tò. Bí o bá ń gbé oògùn ẹ̀fọ́rí kiri, inú lọ́kà ni kí o tì í mọ́, nítorí arúgbó tí iyè rẹ̀ ti rà lè rìn wọ yàrá yẹn kí ó gbé e mì bí ẹni ń jẹ súìtì. Aṣọ iṣẹ́ tí o bá bọ́, inú ọ̀rá ọ̀tọ̀ ni kí o dì í sí, má kó o pọ̀ mọ́ ìborùn rẹ.

Ohun tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo èyí ni àpò rẹ. Ohun tí í ṣe ti aláìsàn kò gbọdọ̀ wọ inú àpò rẹ, kódà kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà kí o fẹ́ bá a gbé e dé orí tábìlì. Eyín àtọwọ́dá tí arúgbó bá fi tíṣù wé sórí àwo oúnjẹ, ike tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni kí o wá kó o sí, má jẹ́ kí wọ́n kó o dànù pẹ̀lú àjẹkù. Òrùka tó bá bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú omi ìwẹ̀, pe ẹlòmíràn wá kí ó ṣojú rẹ̀, kí ẹ jọ gbé e fún nọ́ọ̀sì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí aláìsàn bá fún ọ lówó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dọ́là kan, dúpẹ́, má gbà á. Ẹni tí kò rántí orúkọ ọmọ ara rẹ̀ mọ́ lè jí lọ́la kí ó ní ọmọ aláwọ̀ dúdú yẹn ti jí owó òun, kì í ṣe ìkà, àìsàn ni, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ bí ó ti máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá pè ní olè. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo rí i ní ojú ẹnìkan ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí o má dárúkọ ọmọ tí o fura sí yẹn. Àǹtí ní ọmọ Honduras ni, tó ń wọ ọkọ̀ èrò méjì kí ó tó dé ibi iṣẹ́, tó máa ń jókòó ní òun nìkan. Wọ́n ní òun lo bá nínú yàrá nígbà tí o wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, Àṣàkẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún bàbá rẹ rí. Ní 1989, mo jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́fà la jọ ń kọ́ṣẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dé la sì jọ ń kó ẹrù sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, 240 náírà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 125 náírà. Mo dì í sínú áńkáṣíìfù, mo fi sínú báàgì pupa tí ìyá mi rà fún mi. Nígbà tí a parí iṣẹ́ òru, mo nawọ́ sínú báàgì, n kò bá a. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó máa ń yá owó mọ́tò lọ́wọ́ wa, òun ló sì kẹ́yìn nínú yàrá. N kò rí i kí ó mú ohunkóhun. Mo kàn lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní mo mọ ẹni tó mú un. Gbólóhùn tí ìwọ sọ yìí gan-an ni mo sọ.

Wọ́n tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wà níbẹ̀, àti ìlàjì búrẹ́dì, àti aṣọ àwọ̀sùn kan tó ti ya lábíyá. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo aṣọ tó ya yẹn, bí ẹni pé òun lojú ń tì í fún. Wọn kò rí kọ́bọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí ó máa lọ sílé ná títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i, wọn kò sì ránṣẹ́ sí i mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, okùn báàgì mi já. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ní Mọ́kọ́lá, ó fi ọ̀bẹ la aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè rí ibi tí yóò rán, áńkáṣíìfù mi sì jábọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rírán ti tú ní ìsàlẹ̀ báàgì, owó náà ti yọ́ lọ sáàárín aṣọ àti awọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra ọtí fún òun. Mo ra á. N kò padà lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tutù, pé ọmọ náà á ti ríṣẹ́ mìíràn, pé wọn yóò lé èmi náà. Mo mú nínú owó yẹn, mo fi ra aago àyà. Aago tí o sọ nù nìyẹn. Irọ́ ni mo pa fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi.

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní Dùgbẹ̀, bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ. Mo fa ìborùn bo ojú, mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá. Àṣàkẹ́, mo wà lóyún rẹ nígbà náà.

Ọmọ mi, o ṣì kéré sí irú ẹrù yìí, mo sì mọ̀ pé bóyá orí ló ń gbóná rẹ, o kò sinmi, o kò jẹun. Mo ń gbàdúrà fún ọ lóru. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ilé lónìí, da báàgì rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, fi ìka wá gbogbo ojú rírán rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Wo àpò gbogbo aṣọ iṣẹ́ tí o fọ̀ lọ́sẹ̀ náà, wo inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn níbẹ̀. Bí o kò bá rí i, sọ fún olùkọ́ yín pé aago sọnù, sọ bí ó ti rí, kí o dúró síbẹ̀. Bí o bá sì ti dárúkọ ọmọ náà, padà lọ lọ́la kí o ní o kò rí i kí ó mú ohunkóhun. Kí ojú tì ọ́ díẹ̀, ó sàn.

Táíwò ní kí o ra bàtà fún òun. Má dá a lóhùn. Pè mí ṣáájú kí o tó lọ síṣẹ́, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Bí o bá sì ti rí aago náà, má kọ́kọ́ sọ fún mi. Ọmọ yẹn ni kí o kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi ni ìyá rẹ.