Ọmọ Tuntun Kì í Pariwo Àìsàn

Bàbá ìkókó,

Mo kí ọ kú ewu ọmọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ gan-an, òun ló ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí o ti fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ ni mo ti ń wò ó, ó sì ń rán mi létí ohun kan tí n kò sọ fún ọ rí.

Ṣé o rí àpá tó wà lókè etí òsì rẹ, ibi tí irun kì í hù sí? O máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé bọ́ọ̀lù lo gbá tí o fi ṣèṣe. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ni ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, o kọ ọmú. Ìyá rẹ fi sí ọ lẹ́nu, o fà á lẹ́ẹ̀mejì, o tu ú, o sùn lọ. Ó jí ọ, o là ojú díẹ̀, o tún pa á dé. Ó ní ká máa lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni mo ní, "Ara rẹ̀ ò gbóná, kò sunkún, oorun ló ń kùn ún. Jẹ́ kílẹ̀ mọ́." Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ nínú mi pé àwa náà á rí oorun sùn.

Kílẹ̀ tó mọ́, ara rẹ ti tutù, o sì ń mí lemọ́lemọ́. Kòkòrò àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Orí rẹ ni wọ́n ti rí iṣan tó ṣeé gún, ibẹ̀ ni oògùn apakòkòrò gbà wọlé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kan, omi oògùn náà jò sábẹ́ awọ, ibẹ̀ sì dégbò. Òun lo ń pè ní bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń tì mí lójú títí dòní ni pé gbogbo ohun tí mo fi ń tu ìyá rẹ nínú lóru yẹn, pé o dákẹ́, pé o ń sùn, pé ara rẹ ò gbóná, kò sí ọ̀kan tó fi hàn pé ara rẹ le; àmì àìsàn tilẹ̀ ni ìdákẹ́ àti oorun yẹn.

Àgbàlagbà tára rẹ̀ ò yá á sọ. Ọmọ ọdún méjì á ké, á sì na ọwọ́ síbi tó ń dùn ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 láyé ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ò tíì gbó lára rẹ̀, èyí tó sì ń lò, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti yá a. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń gba inú ibi ọmọ kọjá. Ọ̀sẹ̀ 35 ni wọ́n bí tìrẹ yìí, kò dúró gba ẹrù rẹ̀ tán. Nítorí náà, omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n rúsúrúsú yẹn, ẹ má fi ẹ̀kán kan ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí oyin.

Ra tẹmómítà lónìí. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tó bá ti ka 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ni, wákàtí yẹn náà. Má fún un ní oògùn tó ń rọ ibà kó o wá jókòó máa wò ó. Tí ara rẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ 36, tí ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà, tí kò sì móoru, ẹ ti ń lọ nìyẹn. Kọ́ láti ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kó o kà, nítorí èémí ọmọ tuntun kì í lọ déédéé. Tó bá pé 60, tún un kà; tó bá tún pé bẹ́ẹ̀, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tó ń kùn bó ṣe ń mí, má wulẹ̀ kà á mọ́, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn. Gìrì, àwùjẹ̀ tó wú sókè, àtẹ́lẹwọ́ tó ń pọ́n bíi pupa ẹyin, ìwọ́ tó ń rùn tàbí tí awọ àyíká rẹ̀ pupa: ìwọ̀nyí ò nílò àlàyé, ilé ìwòsàn ni. Ìwọ́ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ohunkóhun sí i àyàfi ohun tí nọ́ọ̀sì bá fún yín.

Ó ku àwọn àlejò. Iṣẹ́ tìrẹ nìyí, má jẹ́ kó bọ́ sọ́rùn ìyàwó rẹ. Ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ò gbé ọmọ. Àwọn kan á bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Lọ́dún 1847 ní ìlú Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis ní káwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú yẹ̀ wò bọ̀ máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ dín kù gidi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà fárígá pé ṣé ọwọ́ àwọn ló dọ̀tí ni. Tí dókítà bá lè bínú, kí la máa retí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni?

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu, pàápàá ẹni tí ìléròrò olómi wẹ́wẹ́ bá sú sí létè. Kòkòrò herpes ló ń fà á. Wàhálà díẹ̀ ni lára àgbà, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ tuntun. Ikọ́ pertussis, ikọ́ líle tó ń ranni, náà ńkọ́? Àgbàlagbà á kàn máa wúkọ́ kiri ni, ọmọ ọwọ́ lè má wúkọ́ rárá, kí èémí rẹ̀ kàn dáwọ́ dúró. Ẹ má fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan falẹ̀.

Tí ìyàwó rẹ bá sọ lóru pé, "Ọmọ yìí ò ṣe bó ṣe máa ń ṣe," má bi í pé kí ló rí. Wá bàtà rẹ.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀fun ń rin mí díẹ̀ látàná. Tí kò bá tíì lọ, màá dúró sójú fèrèsé, kó o gbé e sókè kí n rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ