Ẹ má ṣe yọ Python àtijọ́ dànù

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nímọ̀ràn pé bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde, kí wọ́n gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì yọ ti àtijọ́ dànù. Ẹ dákun, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé èyí tó bá dàrú wá.

Python tó bá Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) wá kì í ṣe tiwa, ti Ubuntu ni, òun ló ń fi ṣiṣẹ́. Ọmọ kan kọ `sudo apt remove python3`, àṣẹ tó ń yọ Python kúrò. Kọ̀ǹpútà to orúkọ gbogbo ohun tó máa bá a lọ síwájú rẹ̀, ó gùn rẹpẹtẹ. Kò kà á, ó tẹ Y, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó máa tan án padà, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun ló bá. Àfìgbà tí a tún gbé ubuntu-desktop, ìyẹn ojú iṣẹ́ Ubuntu tó ní àwòrán, wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn, kó fi pyenv, irinṣẹ́ tó ń gbé onírúurú ẹ̀dà Python wọlé, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà, kó sì ṣí venv, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fún Python, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìkánjú yẹn náà ò yé mi. Oṣù kẹwàá ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde láti 2019, nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fò láti ẹ̀dà 3.8 bọ́ sí ẹ̀dà 3.12 á wá distutils, irinṣẹ́ kan tó ti máa ń bá Python wá, tì, á ní Python ba iṣẹ́ òun jẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2021 ni 3.10 ti ń kìlọ̀ pé distutils ń lọ, 2023 ni 3.12 tó yọ ọ́. Ká ní ó gba 3.10 kọjá, tó sì fi `-W default`, tó ń mú kí ìkìlọ̀ hàn, tan ètò rẹ̀, ì bá ti rí i.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó ti Python 2 o. Wọ́n ti pa á tì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, kò sì fìgbà kan ṣojúure sí èdè wa: ẹ ní kó ka lẹ́tà inú "Ẹdẹ", 7 ló máa pè é, torí báìtì, ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà: Ẹ gba mẹ́ta, d gba ọ̀kan, ẹ gba mẹ́ta. Python 3 á ní 3.

Ṣùgbọ́n ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n fi Python 2 kọ ń bẹ nílẹ̀ títí di òní. Bí a bá gbé e lọ sí 3, `print`, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, tí kò bá ní àkámọ́ á pariwo pé àṣìṣe wà, a ó sì tún un ṣe. `7/2`, ìyẹn 7 tí a fi 2 pín, kò ní pariwo ní tirẹ̀. 3 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, 3.5 ló máa dà, èlé ọmọ ẹgbẹ́ á sì yí padà láìsí ẹni tó fura. Bí ti àtijọ́ ò bá sí nílẹ̀ mọ́, kí la ó fi yẹ ìṣirò tuntun wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣàtúnṣe ìlà yẹn nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn