Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ti lọ

Àǹtí mi,

Ọmọbìnrin mi, ọmọ yín kékeré, fi pátá rẹ̀ hàn mí lánàá, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àìsàn ni?" Omi funfun díẹ̀ ló gbẹ mọ́ ọn. Ohùn yín ló kọ́kọ́ dún sí mi létí: "Lọ fi ọṣẹ fọ inú ẹ dáadáa. Ìdọ̀tí ni."

Mo ní kì í ṣe àìsàn. Ojú ara ń fọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹyin bá fẹ́ jáde láàárín oṣù, omi yẹn á mọ́ gaara, á máa fà. Tó bá yá, á ki, á funfun. Ọṣẹ tí ẹ ní ká máa tì bọ inú, kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló ń pa. Mo ní kó pè mí tó bá ki gan-an tó sì ń yún un, tàbí tó ṣàn, tó ní àwọ̀ eérú, tó ń rùn bí ẹja. Èyí tó ń hó, tó ní àwọ̀ ewé, tí ọkọ náà gbọ́dọ̀ bá ìyàwó lo oògùn rẹ̀, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni ni, mi ò tíì sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún 12.

Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ ò sì fi nǹkan kan dù mí. Ṣùgbọ́n yẹ̀rì yẹn, Àǹtí. Mo jí lóru, mo bá yín níbi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn. Omi inú bàsíà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rùn. Nǹkan oṣù yín ti dúró tipẹ́ nígbà náà. Mo bi yín, ẹ ní kí n lọ sùn. Yẹ̀rì mélòó lẹ ti fọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó jí? Ta lẹ ń fi pamọ́ fún? Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tó ọdún kan, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ tó bá rí kéré tó, dókítà ló yẹ kó gbọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ìgbà tí a fi máa mọ̀, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ti ràn kálẹ̀. Inú yín ṣì ń bí mi, ẹ má bínú.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an rèé. Lẹ́yìn tí èmi àti bàbá ọmọ jọ sùn, ẹ̀jẹ̀ yọ lára mi, ó tún yọ. Nọ́ọ̀sì ní egbò kékeré tàbí àkóràn lè fà á, àmọ́ kí n wá kí wọ́n yẹ ọrùn ilé ọmọ mi wò. Ó tún ní kí n mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, nítorí láti ọdún 9 sí 14 ló dára jù kí ọmọbìnrin gbà á. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ. Bàbá rẹ̀ ní kí n ṣe sùúrù, pé ó lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Mo ní òun náà á bá wa lọ.