Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán yẹn kì í ṣe fọ́tò o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòrán tẹ́ ẹ fi sínú ìròyìn Íjíbítì àtijọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí táwọn ẹrú ti ń wọ́ kìnnìún òkúta ràgàjì tí wọ́n sì ń nà wọ́n lẹ́gba, ó rẹwà, mi ò jiyàn, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ ni ò bá mi lára mu, ẹ kọ ọ́ bíi pé ẹnì kan dúró síbẹ̀ tó ya fọ́tò. Edward Poynter, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, ló yà á, ọdún 1867 ni, Israel in Egypt ló pè é, Guildhall Art Gallery ní London ló sì wà.

Ẹ tún un wò dáadáa. Pírámíìdì Giza wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Edfu náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Giza sí Edfu ju 500 kìlómítà lọ, àti pé ọdún 237 ṣáájú Kristi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńpìlì yẹn, pírámíìdì ti lé ní 2,000 ọdún nígbà yẹn! Kìnnìún ńkọ́? Àwọn kìnnìún òkúta pupa méjì tó wà ní British Museum látọdún 1835 ló fi ṣe àpẹẹrẹ, ó kàn sọ wọ́n di òmìrán ni. Ẹ wo Ẹ́kísódù 1:11 náà, ìlú Pítómù àti Rámísésì ni wọ́n ní àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́, kò sí pírámíìdì, kò sí kìnnìún kankan. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹnjiníà tó ra àwòrán ọ̀hún, John Hawkshaw, ló sọ fún Poynter pé èèyàn tó ń fa ẹrù yẹn ti kéré jù, ló bá tún ya àwọn míì kún un (ẹnjiníà ò ní yé ronú bí ẹnjiníà ṣá).

Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ òkúta lẹ fẹ́ fi hàn wá, àwọn ará Íjíbítì ti fọwọ́ ara wọn yà á sára ògiri ibojì Djehutihotep, ìjòyè Íjíbítì àtijọ́ kan, ní Deir el-Bersha níbẹ̀. Kò sí ọmọlanke níbẹ̀ bíi ti Poynter, pákó tó ń fàyà wọ́ nílẹ̀ ni wọ́n gbé ère ràgàjì ti ìjòyè náà lé, èèyàn 172 ló ń fà á, ẹnì kan dúró lórí orúnkún ère tó ń pàtẹ́wọ́ kí wọ́n lè jọ fà á pọ̀, ẹlòmíì sì wà níwájú tó ń da omi sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti rò pé ètùtù ni omi yẹn, àfìgbà táwọn onímọ̀ Yunifásítì Amsterdam dán an wò lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé tí iyanrìn bá tutù níwọ̀n, agbára tí wọ́n máa fi fà á á dín sí bí ìdajì.

Mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ Poynter o. Àmọ́ London ni mo rí nínú ẹ̀, Bíbélì lọ́wọ́ kan, mùsíọ́mù lọ́wọ́ kejì. Ẹ ṣáà máa kọ orúkọ ẹni tó yà á àti ọdún tó yà á sábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ráàyè, ẹ gbé ti Djehutihotep náà jáde ká fi wọ́n wéra.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín